Èsì: Ẹ̀jẹ̀ ń kán, apá kan ikùn ń dùn mí

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. O ní nǹkan oṣù rẹ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, ìlà méjì yọ lórí àyẹ̀wò ìtọ̀ fún oyún, ẹ̀jẹ̀ dúdú ń kán sára pátá, abẹ́ ikùn sì ń dùn ọ́ lápá òsì nìkan. Wọ́n wá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí o mu àgbo. Jọ̀ọ́, má mu ún.

Tó bá jẹ́ oyún tó fẹ́ bàjẹ́ ni, àárín abẹ́ ikùn ló sábà máa ń fún mọ́ni, bí ìgbà tí nǹkan oṣù fẹ́ dé, ẹ̀jẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Tí ìtọ̀ bá ń ta ọ́, àpò ìtọ̀ ni mi ò bá wò. Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ yìí, oyún inú túùbù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, ìyẹn oyún tó dúró sínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Ó lè jẹ́ kókó omi lórí ilé ẹyin lásán o, àmọ́ ẹnu ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lọ ṣe síkáànù lónìí, èyí tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ 6 tí o wà yìí, tí a bá kà á láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí àpò oyún ti hàn nínú ilé ọmọ. Bí kò bá hàn, wọn á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún hCG, èròjà tí oyún máa ń mú jáde, wọn á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 48.

Obìnrin kan tí mo tọ́jú ní èjìká ló ń dun òun, ó rò pé ọmọ tí òun ń pọ̀n ló fà á. Túùbù ló ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti kún ikùn obìnrin náà. Bí èjìká bá ń dùn ọ́, tàbí òòyì ń kọ́ ọ, má dúró de síkáànù kankan: kí wọ́n gbé ọ lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.