Kò sí DPO ní òdìkejì bọ́dà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí-Ìrókò ni mò ń gbé, mo sì ń kó ọjà lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọlọ́pàá mú ọmọ àbúrò mi ní ìlú kan lọ́hùn-ún, wọ́n ní ọ̀kadà tó rà, wọ́n jí i ni. Mo béèrè DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, wọn ò mọ ohun tí mò ń wí. Mo bẹ̀bẹ̀ fún béèlì, wọ́n ní àwọn ò láṣẹ rẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ta ló yẹ kí n lọ bá? Ṣé àwọn jándáámù ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà, ìyá wa. Kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ló yẹ kí ẹ wá. Procureur ni, ìyẹn amòfin ìjọba tó wà ní ilé ẹjọ́. Irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó sì wà ní Pobè. Òun ló ń darí ìwádìí tí ọlọ́pàá ń ṣe. Nítorí náà, òótọ́ ni wọ́n bá yín sọ nígbà tí wọ́n ní àwọn ò láṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 214, sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀gá àgbà wọn wà ní Abuja, Ààrẹ ló ń yàn án. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn zone wà, tó kó ìpínlẹ̀ mélòó kan pọ̀, lẹ́yìn náà kọmíṣánnà kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà Area Command, tó kó àgọ́ mélòó kan pọ̀, kó tó kan DPO tó ni àgọ́ tí ẹ mọ̀. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà lórí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n abala 215 gba kọmíṣánnà láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2020 kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá mú èèyàn, ọlọ́pàá ló yẹ kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́.

Ní Bẹ̀nẹ̀, méjì ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀: ọlọ́pàá fún àwọn ìlú ńlá, jándáámù tó jẹ́ ọmọ ogun fún ìgbèríko. Láti oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n ti da méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, Police républicaine, lábẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ bá jándáámù, ìròyìn àtijọ́ ló ń sọ fún yín. Ọ̀gá àgbà kan ló wà lókè, ọ̀gá kan sì wà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú ẹkùn 12 tí ilẹ̀ náà pín sí. Àgọ́ tí aráàlú ń lọ ni kọmisáríà. Ọ̀gá ibẹ̀ ni kọmisẹ́ẹ̀, òun lẹ bá fi wé DPO.

Tí a bá wo ìyẹn nìkan, ìlú méjèèjì jọra: olú-ìlú ni àṣẹ ti ń wá. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọwọ́ tí ẹjọ́ wà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọlọ́pàá tí a ń pè ní IPO ló ń wádìí, DPO lè fúnni ní béèlì, ọlọ́pàá tó jẹ́ amòfin sì lè dúró ní kóòtù gẹ́gẹ́ bí olùpẹ̀jọ́. Ọ̀fẹ́ ni béèlì yẹn. Lọ́hùn-ún, kọmisáríà yóò kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní procès-verbal, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí procureur. Òun ló máa sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ̀bẹ̀ àti owó tí ẹ fẹ́ fún ọlọ́pàá níbẹ̀ kò lè yí ìyẹn padà, ó tún lè sọ ẹ̀yin náà di ọ̀daràn.

Ẹ wo ti àkókò dáadáa. Abala 35 òfin wa sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé ẹni tí wọ́n mú lọ síbẹ̀. Bí kò bá sí nítòsí, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, abala 18 nínú òfin wọn sọ pé wákàtí 48. Kí wọ́n tó lè kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹni náà dé iwájú adájọ́ tàbí procureur, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ yín lò yẹn ti kọjá 48. Ẹ bi í bóyá wọ́n mú un dé iwájú ẹnikẹ́ni ní kóòtù. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè fẹjọ́ sun procureur, kí lọ́yà ibẹ̀ bá yín kọ ọ́.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ kọ wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí láti ìgbà náà ni 48 ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ kọmisáríà àti procureur tí ó ń mójú tó o. Ẹ mú rìsíìtì ọ̀kadà àti ìwé ẹni tó tà á lọ, pẹ̀lú ẹ̀dà. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ procès-verbal. Kí ọmọ yín má fọwọ́ sí i títí tí ẹnìkan yóò fi kà á fún un ní èdè tó gbọ́, láti òkè délẹ̀. Ibí ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣubú jù. Ọ̀kan sọ pé òun ra ọ̀kadà náà lọ́wọ́ ẹnìkan tí òun ò mọ̀, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ lójú kóòtù sì wá di pé ó mọ̀ pé wọ́n jí ọ̀kadà náà ni.

Ẹ tún mọ èyí fún ìrìn àjò yín: ní ìhà tiwa, Immigration ló ń lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, ọlọ́pàá kọ́. Ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló ń lù ú. Ti ọjà yàtọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù ló ni ín ní ìhà méjèèjì, ọlọ́pàá kò sì lè gba owó ẹrù lọ́wọ́ yín.