Ṣé ọmọ Èkó ni AY apanilẹ́rìn-ín?

Rárá, Warri ni wọ́n bí Ayọ̀dèjì Makun sí ní 1971, Ìfọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ni ìlú bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pijin rẹ̀ á búra pé ọmọ Delta pọ́ńbélé ni, àmọ́ orúkọ yẹn ti tú àṣírí.

Yunifásítì tó wà ní Abraka ló ti kẹ́kọ̀ọ́ tíátà, Èkó ló sì ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó kọ́kọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ fún Alibaba, àgbà apanilẹ́rìn-ín, kí Nite of a Thousand Laughs, ètò àwàdà tí Opa Williams dá sílẹ̀, tó gbé e jáde. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ AY Live, ètò àwàdà tirẹ̀, èyí tó máa ń kó èrò lọ sí Eko Hotel ní Victoria Island lọ́jọ́ Àìkú Àjíǹde.