Àwọn ọmọ Pírámárì Karùn-ún wa kò lè kàwé: kí ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò burú lójú: òrùlé wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kùn ún lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní Pírámárì Karùn-ún ni kò lè ka ìpínrọ̀ kan já. Àwọn ọmọ àdúgbò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá owó jọ fún wa. Àwọn kan ní ká fi mọ odi yí ọgbà ká, àwọn kan ní ká fi ra kọ̀ǹpútà. Kí ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe gan-an kí ẹ̀kọ́ tó yè kooro tó lè wà níbẹ̀? Èwo ló wà lọ́wọ́ wa, èwo la gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìjọba? Àwọn ọmọ Pírámárì Kẹfà tí wọ́n ń jáde lọ lọ́dún yìí ńkọ́?

ÌDÁHÙN

Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ aṣàbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó rí bíi tiyín: ọ̀dà ń dán lára ògiri, nóòtì tíṣà wà létòlétò, síbẹ̀ tí ẹ bá ṣí ìwé síwájú ọmọ, ojú yín ni yóò máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi tààrà. Ohun kan ni mo fi ń mọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́: ṣé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló lè kàwé kí wọ́n tó kúrò ní Pírámárì Kẹta? Bí wọn kò bá lè kà á, ohunkóhun tí ẹ bá kó síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò ní jẹ́. Inú ìwé ni sáyẹ́ǹsì wà. Ìṣirò pàápàá, tó bá ti di Pírámárì Kẹrin, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà á kàn máa jókòó síbẹ̀ ni títí ọdún mẹ́fà yóò fi pé. Àjọ Unicef ti ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14, nǹkan bíi mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan. Ilé ẹ̀kọ́ yín nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé. Káàdì èsì kò ní sọ ọ́ fún yín. Ìdánwò tí wọ́n kọ sójú pátákó tí ọmọ ń wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ dà kọ kò ní sọ ọ́. Ẹ pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igi, kí tíṣà mú bébà kan dání. Kí lẹ́tà mélòó kan wà lókè bébà náà. Kí ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi ilé, ọmọ, bàtà, ẹja tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpínrọ̀ kan tí kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìtàn kúkurú. Ibi tí ọmọ bá ti dúró, ibẹ̀ ló dé yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà lórí ọmọ kan. Àjọ Pratham ní ilẹ̀ Íńdíà ló jẹ́ kí irú àyẹ̀wò yìí tàn kálẹ̀. Láti ọdún 2005 ni àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń gbé e lọ bá àwọn ọmọ ìgbèríko nínú ilé wọn níbẹ̀. Ẹ ṣe tiyín ní Yorùbá, kí ẹ tún ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì kọ èsì méjèèjì sínú ìwé kan tí kò ní kúrò ní ọ́fíìsì hẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka orúkọ ẹnikẹ́ni síta lórí ìlà láàárọ̀. Ojú ti ọmọ tí kò lè kàwé tó láìjẹ́ pé ẹ dá kún un.

Ohun tí ẹ máa rí máa yà yín lẹ́nu. Nínú kíláàsì kan náà, ẹ ó rí ọmọ tó ń ka ìtàn geere, ẹ ó rí ọmọ tí kò dá b mọ̀ yàtọ̀ sí d, ìwé Pírámárì Karùn-ún kan náà ni tíṣà sì ń fi kọ́ àwọn méjèèjì, nítorí ohun tí ìwé ìlànà ní kó kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́. Kí gbogbo ọmọ láti Pírámárì Kẹta sí Karùn-ún kúrò ní kíláàsì wọn ní wákàtí náà, kí ẹ sì pín wọn gẹ́gẹ́ bí ibi tí oníkálukú dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò mọ lẹ́tà á jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ tí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà kan á mú ẹgbẹ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ tún gbogbo wọn yẹ̀ wò, kí ẹni tó bá ti gòkè bọ́ sínú ẹgbẹ́ tó kàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, fi ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ Pratham, wọ́n sì rí i pé kíkọ́ ọmọ láti ibi tó dé ń mú kó mọ̀wé kà. Àṣẹ hẹ́ẹ̀dì yín tó láti bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kò dúró de lẹ́tà kankan láti Àbújá.

Ariwo tó máa sọ nípàdé yín ni ti èdè. Àwọn òbí máa ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn rán ọmọ wá kọ́. Òótọ́ ni, ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni kí ẹ fi kọ́ ọ láti kàwé ná, nítorí kíkà Yorùbá rọrùn gan-an fún ẹni tó ń sọ ọ́. Lẹ́tà 25 péré ni, fáwẹ́lì àìránmúpè méje ló wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ti mọ ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu, ohun kan náà ni yóò ṣe fún d, fún f, fún gb. Lẹ́tà kì í dalẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì: o tó wà nínú go kì í ṣe ohùn o tó wà nínú do, méjèèjì kò sì jọ ti one. Ọmọ tó ń gbọ́ go, do àti one fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tí wọ́n tún ní kó mọ bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n, iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti fi Yorùbá mọ̀ pé ohùn ẹnu ni lẹ́tà dúró fún, yóò gbé ìmọ̀ yẹn wọnú Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, wọ́n wá fi tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀, tó fọwọ́ sí i ní 2022 pé èdè abínibí ni ká máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ti fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ó dùn mí. Síbẹ̀, Yorùbá ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yín; ẹ lo àkókò tí wọ́n fún un dáadáa, kí wọ́n má fi kọ orin kí wọ́n sì túká.

Ọ̀rọ̀ tíṣà ló wá kàn, òun ló sì wúwo jù. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. S. O. Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tíṣà ló máa wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ṣáájú ọjọ́ náà. Síbẹ̀, àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ nínú àwọn tó dúró níwájú ọmọ. Láti ìgbà yẹn títí dòní, ó rọrùn fún ìjọba láti gba ọmọ wọlé ju kó wá ẹni tí yóò kọ́ wọn lọ.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé tíṣà kan kò gbọ́dọ̀ ní ju ọmọ 35 lọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí tíṣà náà sì ní NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ó kéré tán. Tí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba lẹ máa bi. Ṣùgbọ́n bí hẹ́ẹ̀dì ṣe pín àwọn tíṣà tó wà nílẹ̀, tiyín nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ṣàbẹ̀wò sí, Pírámárì Kẹfà ni wọ́n ń kó tíṣà tó mọṣẹ́ jù sí nítorí ìdánwò àṣejáde, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sì ń jù sí Pírámárì Kìíní. Ẹ yí i padà. Tíṣà yín tó dáa jù, Pírámárì Kìíní àti Kejì ni kó wà, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀wé kà tàbí kó má mọ̀ ọ́n. Kí hẹ́ẹ̀dì sì máa wọ kíláàsì, kó jókòó sẹ́yìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí òun àti tíṣà wá jọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn náà: ọmọ mélòó ló kàwé fúnra rẹ̀ lónìí? Ta ni kò gbọ́ ọ, báwo lo ṣe mọ̀? Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá sì rí pàṣán lórí tábìlì tíṣà Pírámárì Kìíní, ẹ bá wọn gbé e kúrò. Ọmọ tó ń bẹ̀rù kì í la ẹnu kàwé.

Ti ìjọba wàyí. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ pé ẹ̀kọ́ láti Pírámárì Kìíní títí dé JSS 3 jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìwé kíkà àti àga ìjókòó wà lára ohun ọ̀fẹ́ náà, ìjìyà sì wà fún ẹni tó bá gba owó ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, owó tí ẹgbẹ́ yín bá dá kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ kankan padà sílé. Òfin yẹn náà ló ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀, UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò náà, ló ń pín in, ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún un kó tó rí i gbà. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ béèrè ohun tó kan ilé ẹ̀kọ́ yín nínú owó náà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti dáhùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 2025 pé ó kan ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ẹ so èsì àyẹ̀wò àwọn ọmọ mọ́ lẹ́tà yín. Lẹ́tà tó ní “ẹ gbà wá” á sùn sínú fáìlì. Èyí tó sọ iye ọmọ tí kò mọ lẹ́tà, iye tíṣà tó wà fún kíláàsì mẹ́fà àti iye ọmọ tó ń pín ìwé kan kà, ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ wá nǹkan sọ.

Owó Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ẹ fi kọ́kọ́ ra ìwé ìtàn kéékèèké ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ọmọ lè mú lọ sílé. Bí ẹ kò bá ní ilé ìyàgbẹ́ tó ṣeé lò àti omi, ẹ ṣe ìyẹn tẹ̀ lé e, nítorí àwọn ọmọbìnrin tó ti ń dàgbà ń jókòó sílé lóṣooṣù nítorí rẹ̀. Ti odi, mi ò ní bá yín jiyàn bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbó tàbí títì tó ń sáré. Ẹ̀mí ọmọ ṣáájú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé torí ẹwà ni, ẹ jẹ́ kó dúró. Kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ tí iná kò sí? Rárá.

Àwọn ọmọ Pírámárì Kẹfà ló jẹ́ kí n tètè dá yín lóhùn. Ẹ má dá wọn dúró, ẹ má ní kí wọ́n tún kíláàsì kà; ọ̀pọ̀ wọn ló máa bínú lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ẹ kó àwọn tí kò lè kàwé jọ láti ìsinsìnyí, wákàtí méjì lójúmọ́, títí kan ìsinmi àṣejáde, bí ẹ bá rí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ládùúgbò tó lè gbà á ṣe. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó náà ṣe owó ọkọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, kí hẹ́ẹ̀dì yín fúnra rẹ̀ lọ bá ọ̀gá JSS tí wọ́n ń lọ, kó mú orúkọ wọn àti ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé lọ fún un, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sọ́dọ̀ tíṣà kan tí yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ ní JSS 1. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ lọ kí ó tó di ọjọ́ ìwọlé.