Páńkéèkì fún ọmọ tó ń lọ sílé ìyá àgbà l'Adó-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Manchester là ń gbé, a sì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ṣọdún Kérésì lọ́dọ̀ ìyá mi l'Adó. Àbíkẹ́yìn wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 kì í jẹ nǹkan mìíràn láàárọ̀ ju páńkéèkì inú páálí lọ, ṣúgà ẹ̀ sì ti pọ̀ jù fún mi. Èwo ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe tó máa ṣara lóore, tí màá sì rí èròjà ẹ̀ rà l'Adó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ará ilé mi. Ọmọ Èkìtì lèmi náà, Toronto ni mò ń gbé, páńkéèkì sì ni ọmọ tèmi náà ń béèrè bó bá ti jí. Ẹ má wulẹ̀ di páálí kankan mẹ́rù. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lò wà ní Ọjà Ọba.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, èyí tó pọ́n débi pé èèpo ẹ̀ ti ń dúdú. Bó ṣe ń pọ́n ni sítáàṣì inú ẹ̀ ń di ṣúgà, torí náà ẹ ò ní fi ṣúgà kankan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹ̀fun wíìtì táwọn àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń rò bí òkèlè. Èyí tẹ́ ẹ ti rí èèpo àlìkámà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ó ṣeé ṣe kó ti wà ní kíṣìnnì màmá yín.

Ẹ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá 1 kúnná. Bí iná bá lọ, fọ́ọ̀kì tó o, ọmọ gan-an lè bá yín tẹ̀ ẹ́, á sì wù ú jẹ. Ẹ da ife wíìtì 1 àti ife mílíìkì 1 sí i, iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 15. Wíìtì yẹn máa ń mu omi gan-an, bí kò bá rin dáadáa, á máa ha ọmọ lọ́fun. Ẹ má tíì fi béékìn páúdà sí i! Gbàrà tó bá ti kan omi ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá pẹ́ kó tó dé orí iná, páńkéèkì ò ní wú. Ìgbà tí páànù bá ti gbóná ni kẹ́ ẹ fọ́ ẹyin 2 sí i pẹ̀lú ṣíbí kékeré 2 béékìn páúdà. Àkàrà là ń lù kó tó wú. Tèyí, ẹ kàn rò ó pọ̀ ni, torí bẹ́ ẹ bá lù ú jù, á le.

Iná ẹ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tètè ń jó: ìta á ti dúdú, inú á ṣì tutù. Òróró díẹ̀ tẹ́ ẹ fi pa ojú páànù ti tó. Màmá lè fẹ́ bu òróró rẹpẹtẹ sí i, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n. Bí ojú ẹ̀ bá ti ń yọ ihò wẹ́wẹ́, tí etí ẹ̀ gbẹ, ẹ yí i.

Dípò sírọ́ọ̀pù, ẹ gé ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀pà lílọ̀ náà dáa bí ẹ̀pà ò bá ń bá a lára jà. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oyin sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ ojúlówó oyin láti oko. Ó lè ṣe é ní jàǹbá gidi.

Manchester ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa po ìdajì tinú páálí mọ́ ìdajì tèyí títí ẹnu ẹ̀ á fi mọ́ ọn. Àmọ́ wíìtì tòkè òkun sábà máa ń kúnná ju ti ilé lọ, ẹ dín mílíìkì ẹ̀ kù díẹ̀.