Ṣé ẹja etíkun ṣeé jẹ nígbà tí ewéko olóró bá bo omi?

Ìbéèrè: Ewéko wẹ́wẹ́ olóró ti sọ omi òkun wa di pupa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ṣì lè jẹ ẹja ibẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lè jẹ ẹ́, bí ìjọba kò bá fòfin de pípa ẹja níbẹ̀, tí ara ẹja náà sì le nígbà tí wọ́n mú un. Inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni oró sábà máa ń pọ̀ sí. Ẹ yọ wọ́n dànù láìbẹ́ wọn, kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ẹran rẹ̀. Ẹja kéékèèké tí à ń jẹ tìfun-tìfun, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Oníkarahun bí ọ́ísítà ló burú jù, torí omi tó ń sẹ́ láti fi jẹun ló ń kó oró jọ sí i lára. Ká sè é, ká dì í ní yìnyín, oró yẹn ò ní lọ. Bí ètè bá ń ta yín ṣín-ín-ṣín-ín lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.