Dúrósinmí: ṣé ohun ìtìjú ni orúkọ àbíkú?

Ìbéèrè: Bàbá wa àgbà tó papòdà láìpẹ́ ń jẹ́ Dúrósinmí. Ìtàn tí a gbọ́ nílé ni pé ní kékeré, àìsàn ńlá kan dá a dùbúlẹ̀, gìrì ń gbé e lemọ́lemọ́, gbogbo ilé sì ti gbà pé kò ní yè é. Ó yè é, ó dàgbà, ó sì dògbó. Ní báyìí tí a ń múra ìrántí rẹ̀, àwọn kan nínú ẹbí ní kí a yọ Dúrósinmí kúrò nínú ìwé ètò, kí a lo orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un nìkan, torí orúkọ àbíkú ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Ṣé ohun ìtìjú ni? Àbúrò mi sì fẹ́ fi orúkọ náà sọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ṣé ó bójú mu?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra wọn.

Ẹ má yọ orúkọ náà o. Dúrósinmí kì í ṣe èébú sí bàbá yín. Ẹ̀bẹ̀ ni. “Dúró, kí o lè sin mí”: òbí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tó ń bẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ pé kó má ṣe bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni mo wí, torí ọjọ́ ìkómọjáde ni wọ́n máa ń sọ irú orúkọ yìí. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe dáadáa kí bàbá yín ti máa jẹ́ Dúrósinmí kí àìsàn yẹn tó dé. Ikú àwọn tí ìyá kan náà ti bí ṣáájú ló ń fa orúkọ àbíkú. Obìnrin bí ọ̀kan, ó kú. Ó bí òmíràn, òun náà kú. Àwọn àgbà á ní ọmọ kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀, pé ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run dá ọjọ́ tí yóò padà. Ẹ wá ro ti ìyá bàbá yín, nígbà tí gìrì gbé ọmọ tó ti bẹ̀ pé kó dúró. Obìnrin náà ti mọ bí irú òru bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí.

Àwọn orúkọ yìí pọ̀, ọgbọ́n tó wà nínú wọn sì yàtọ̀ síra. Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ bíi ti bàbá yín: Málọmọ́, Rótìmí, Dúrójayé, Bánjókòó. Tijúikú ń fi ojútì kan ọmọ. Àwọn mìíràn ń sọ fún un pé kò sí ohun tí a ó fi sin ín mọ́: Kòsọ́kọ́, kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀, Akísàátán, àkísà tí à bá fi dì í ti tán. Igbókọ̀yí ní igbó ti kọ eléyìí, torí inú igbó ni wọ́n ń gbé òkú àbíkú lọ. Wọ́n tún ń sọ ọmọ ní Ajá tàbí Ààtàn kí ẹgbẹ́ ọ̀run lè kórìíra rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó burú létí, ìfẹ́ ló bí i. Kòsọ́kọ́ sì jọba ní Èkó láti 1845 títí di 1851, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé e kúrò lórí ìtẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ adé.

Mi ò ní tan yín pé kò sí ohun tó dunni nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n máa ń so ṣaworo mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á ra ìrèké àti àádùn, wọ́n á pe àwọn ọmọ kéékèèké wá jẹ sàárà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ, tàbí kí wọ́n gé e níka, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún wá. Wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi ikú ru ọmọ tí kò mọ nǹkan kan, débi pé “àbíkú” fúnra rẹ̀ di èébú. Ibẹ̀ ni ìtìjú àwọn ẹbí yín ti wá, mo sì mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

“Àbíkú sọ olóògùn dèké,” ni àwọn àgbà ń wí. Òótọ́ ni, torí olóògùn kò mọ ohun tó ń bá jà. Ibà ń pa ọmọ, èéyi ń pa ọmọ. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì wà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti bàbá wá. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn náà. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè sin ọmọ tẹ̀lé ọmọ, tí ilé kejì kò sì ní pàdánù ẹyọ kan. Àwọn tí wọ́n ń bí báyìí ní Nàìjíríà pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún tó nǹkan bí 150,000. Mi ò sọ pé òun ló mú bàbá yín o. Gìrì lè ti ara ibà wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìrántí fúnra rẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ béèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́: ta ló sin ìyá bàbá? A máa ń wí pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bó bá jẹ́ pé bàbá yín ló sin ìyá rẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ṣe lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dìde sọ ọ́ ní gbangba lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ó sọ nípa rẹ̀, ilé tó kọ́ àti oyè tó jẹ, mi ò rò pé èyí tó tó ìyẹn wà.

Ìkejì: àwọn mélòó ló ṣáájú rẹ̀? Òkú ọmọdé, ọ̀fọ̀ ni. Kò sí ìlù, kò sí àsè, wọ́n á yára sin ín, àwọn òbí kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Kò sí fọ́tò wọn, bóyá kò sì sí ẹni tó rántí orúkọ wọn mọ́. Orúkọ Dúrósinmí nìkan ló kù nínú ẹbí yín tó ń jẹ́rìí pé wọ́n wá sáyé. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, ẹ ti yọ àwọn náà. Ẹ kọ ọ́ pé: “Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní kékeré, òun dúró.” Ó tó.

Àbúrò yín wá kù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ọmọ kan kò bá kú ṣáájú tuntun yìí, kò sí ohun tí orúkọ àbíkú ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì máa jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́bẹ̀ káàkiri. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n sì bí i lẹ́yìn tí bàbá ti lọ, Babátúndé ló tọ́ sí i. Kí wọ́n fi Dúrósinmí ṣe orúkọ ìdílé, kí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ máa jẹ́ ẹ.