Ẹ má tíì ra dísíríbútọ̀ kankan, ẹ yẹ òrùka iwájú kíráǹkì wò ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìyà ọkọ̀. Ẹ ní ẹ́ńjìnì V8 inú ọkọ̀ ojú omi yín ò lágbára mọ́, ó ń gbóná, ó ń yìnbọn nínú ẹ́sọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ mẹkáníìkì yín fi iná táímìn, iná tó ń fi ìgbà tí pulọ́ọ̀gì ń ṣáná hàn, wò ó, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá dísíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì) tuntun ni kẹ́ ẹ rà àbí tòkúnbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ìkankan. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, àfi bíi pé èmi ni mo kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Owó tí mo ná kí n tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ mi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ná irú ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. À ń bọ̀ láti Ìkòròdú, Ẹbúté Èrò là ń lọ, àwa márùn-ún, ìyàwó mi wà níbẹ̀, ọmọ àbúrò mi kan tí ò tíì pé ọdún méje wà níbẹ̀. Nígbà tá a sún mọ́ afárá Third Mainland, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo tẹ epo, kò dáhùn. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ ooru sì gun òkè tààrà. Mo pa á, a ju ìdákọ̀ró. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tá a fi wà níbẹ̀, tá à ń wo èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ní Mákòkó, tí ìgbì àwọn ọkọ̀ èrò ń gbé wa sókè sódò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ojú omi kan wá bá wa. Ìwé ọkọ̀ ni wọ́n béèrè. Mo nà án sí wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n ka jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó wa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká má pẹ́ lábẹ́ afárá, wọ́n sì wa ọkọ̀ wọn lọ. Ọmọ ń sunkún lójú wọn o. Apẹja kan tó fi àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ló fi okùn fà wá dé èbúté, kò gbowó.

Láti ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ná owó. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kabúrétọ̀ ni, a pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní pọ́ǹpù epo ni, a pààrọ̀ ẹ̀. Ẹnì kejì, tó ní òun kọ́ṣẹ́ lókè òkun, ní dísíríbútọ̀ ni, a ra òmíràn, a tún ra kọ́ọ̀lì àti wáyà. Àwọn méjèèjì ló fi iná táímìn wò ó lójú mi, àwọn méjèèjì ló rí digirì 8 ṣáájú òkè, ìyẹn ni pé pulọ́ọ̀gì ń ṣáná nígbà tó ku digirì 8 kí písítìn dé òkè, bí ìwé ẹ́ńjìnì mi ṣe wí gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo ní ṣé kò lè jẹ́ pé nǹkan míì wà níbẹ̀, èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì bínú, ó ní kí n wá gba sípánà lọ́wọ́ òun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: Yamaha tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ojú omi ní Èkó mọwọ́ ẹ̀. Ẹ́ńjìnì inú ọkọ̀ ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò tíì tú u rí gbọ́dọ̀ lè sọ pé òun ò tíì tú u rí.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Irin róbótó tó wà lẹ́yìn púlì, níwájú kíráǹkì (ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí), tí wọ́n ń pè ní balancer, kì í ṣe ẹyọ kan. Ti inú ló so mọ́ kíráǹkì. Ti òde dà bí òrùka tó yí i ká. Rọ́bà tín-ín-rín ló há sáàárín wọn tó ń gbé òrùka dúró, ara òrùka yẹn ni wọ́n sì fín ìlà táímìn sí. Tí rọ́bà bá gbó, tí ooru àti ọ́ìlì ti jẹ ẹ́, òrùka á yọ̀, á máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ìlà á sì bá a sún. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, torí ṣe ló ń yí bó ṣe máa ń yí. Iná táímìn kàn ń tàn sórí ìlà ni, kò mọ ibi tí písítìn wà.

Tèmi ti sún ní digirì 14. Àwọn ọ̀gá rí 8 ṣáájú òkè, inú wọn dùn. Písítìn gan-an ti dé òkè, ó ti ń sọ̀, ó ti kọjá òkè ní digirì 6, kí pulọ́ọ̀gì tó ṣáná. Epo wá ń jó nígbà tí agbára ẹ̀ ò wúlò mọ́, iná ẹ̀ ń bá ẹ́sọ́ọ̀sì lọ. Ibẹ̀ ni gbígbóná ti wá, ibẹ̀ ni ìbọn ti wá. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń tún un ṣe pẹ̀lú iná yẹn, ṣe ló ń dá a padà sínú àṣìṣe.

Bí mo ṣe mọ̀: ẹ yọ okùn bátìrì, ẹ yọ gbogbo pulọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnì lè ṣeé fọwọ́ yí. Ẹ wá pulọ́ọ̀gì àlòkù kan, ẹ fọ́ tánganran funfun inú ẹ̀ kúrò, kí àwọn ajórin jó bóòtù olórí róbótó mọ́ ọn. Kí písítìn kìíní ti wà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè é wọlé. Ẹ fi sípánà yí kíráǹkì jẹ́jẹ́ títí písítìn á fi kan bóòtù. Kó kàn án o, ẹ má tì í. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára òrùka lójú àmì òdo tó wà lára ẹ́ńjìnì. Ẹ yí i padà sí apá kejì títí á tún fi kàn, ẹ fa ìlà kejì. Àárín ìlà méjèèjì gan-an ni òkè písítìn. Tí ìlà tí wọ́n fín sí i látilẹ̀ ò bá bọ́ síbẹ̀, òrùka ti yọ̀ nìyẹn. Àlàfo tó wà níbi tèmi fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, mo ń wo ṣọ́ọ̀kì, mi ò lè sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan sítátà nígbà tí bóòtù yẹn wà nínú o, písítìn á fọ́.

Tó bá ti yọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ ìfàyọ yọ balancer, ẹ má fi òlù lù ú, kẹ́ ẹ sì de tuntun. Táímìn ṣíṣe fúnra ẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn: kí ẹ́ńjìnì gbóná, iná sórí wáyà kìíní, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó de dísíríbútọ̀, ẹ yí dísíríbútọ̀ náà. Tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ń sún táímìn, ẹ kọ́kọ́ tì í sípò ìpìlẹ̀ bí ìwé ẹ̀ ṣe wí. Tẹ́ ẹ bá tẹ epo, ìlà gbọ́dọ̀ sún lójú iná táímìn. Tó bá jẹ́ dísíríbútọ̀ àtijọ́ ni, tí ìlà ò sì sún, irin kéékèèké inú ẹ̀ ti dípẹtà, omi iyọ̀ ni. Ètò wáyà V8 Chevrolet tó ń lo dísíríbútọ̀, ìyẹn bí àwọn pulọ́ọ̀gì ṣe ń ṣáná tẹ̀ léra, 1-8-4-3-6-5-7-2 ni, àyàfi tó bá jẹ́ èyí tó ń yí sódì.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ lọ ra dísíríbútọ̀ mọ́tò ní Ládípò, pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ má gbà. Ti ojú omi ní ìdènà tí kì í jẹ́ kí iná inú ẹ̀ jáde. Ti mọ́tò ò ní in. Èéfín bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, ìṣáná kan péré ti tó. Ẹ tan fáànù tó ń fẹ́ èéfín yẹn jáde níbi ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má sì yọ irin ìdènà iná tó wà lórí kabúrétọ̀ torí pé ẹ́ńjìnì ń mí líle. Tẹ́ ẹ bá ń dán an wò lórí ilẹ̀, kí omi ti máa wọlé kẹ́ ẹ tó ṣí i, kì í pẹ́ rárá tí rọ́bà inú pọ́ǹpù omi fi ń jóná. Ẹ tún yẹ ẹnu ibi tó ti ń fa omi wò, ewéko tó ń bo ọ̀sà máa ń dí i, ìyẹn nìkan lè mú un gbóná.

Lẹ́yìn tí mo de tuntun, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti irin inú, kọjá lórí rọ́bà, dé orí òrùka òde. Mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó kí n tó tú okùn ọkọ̀. Ìlà yẹn ṣì gún.